Odò Tí Kò Jáde

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Lom, lẹ́sẹ̀ òkè.
Ragnfrid fa ìlà pupa lójú kọ̀ǹpútà:
ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò gbà lọ́la.
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wúkọ́,
ó tu ìwé mẹ́rin síta.

Ìlà òkè sún mọ́ra
bí ìhunjọ iwájú orí arúgbó.
Ṣùgbọ́n odò dà?
Tàdáwà aláwọ̀ aró ti tán nínú ẹ̀rọ.
Afárá wà,
afárá lórí òfo.

Màmá ò sọ̀rọ̀. Ó mú gègé,
ó fa Bøvra látinú orí ara rẹ̀,
ó dé ìtẹ̀kọ́rọ̀ kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀,
ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.
“Má gba ibí.
Ibí lomi ti gba bàtà lẹ́sẹ̀ bàbá ẹ.”

Eivind lẹ ìwé mẹ́rin mọ́ra, ó ká a.
Odò ò tíì gbẹ;
ó yí mọ́ ọn ní àtàǹpàkò.