Ọ̀dà Tí Ẹnìkan Dá Padà

Ìgò kékeré kan, kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ,
pọ́n-ùn mẹ́ta ààbọ̀.
Mo gbé e, mo mì ín, mo rọra dá a padà sórí pẹpẹ
bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.
Òkè tí mo fẹ́ kùn tẹ́jú tó tábìlì ìjẹun.
Bí mo bá fi irú ìgò yìí kùn ún,
owó iná oṣù yìí ni mo fi kùn ún.

Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.
Òkè kì í ṣe ọbẹ̀.

Òjò Rochdale ń fọ́n wìnnìwìnnì.
Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ìṣó, ṣímẹ́ńtì àti ọ̀dà ilé,
mo lọ tààrà sí pẹpẹ ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ilé ìtọ̀,
níbi tí wọ́n ń kó ọ̀dà tí wọ́n pò, tí olówó rẹ̀ kọ̀, pamọ́ sí.
Lítà méjì ààbọ̀, pọ́n-ùn mẹ́rin.
Orúkọ àwọ̀ tí wọ́n kọ sára agolo gùn ju oríkì ọba lọ.
Ìyá mi ì bá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré:
"Rẹ́súrẹ́sú ni."

Mo ro ti obìnrin tó dá a padà.
Ó fẹ́ yàrá tó dà bí ìkùukùu òwúrọ̀,
ó ṣí agolo, ó bá ẹrẹ̀ odò pàdé.
Ẹrẹ̀ odò gan-an ni mo ń wá kiri.

Clive Entwistle, tó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì,
òun ló kọ́ mi.
"Ọmọ ogun ni èèyàn ń wò lójú," ó ní.
"Ilẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n."
Ó ní kí n má fín ọ̀dà afínmi sí fóòmù ní ìhòòhò.
Mo fín in.
Òkè mi àkọ́kọ́ yọ́ bí ṣúgà nínú tíì.

Nísinsìnyí, gúlù funfun àti yanrìn ni mo kọ́kọ́ fi ń bò ó,
màá gbàgbé rẹ̀ di ọjọ́ kejì.
Lẹ́yìn náà dúdú, dúdú kirikiri, kó wọ gbogbo kọ̀rọ̀.
Lẹ́yìn náà ẹrẹ̀ obìnrin yẹn.
Omi dúdú díẹ̀, ẹ̀kán ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́, kó lè ṣàn wọ inú ihò.
Eérú ló kẹ́yìn:
rẹ búrọ́ọ̀ṣì, nù ún sí bébà, tún nù ún,
títí wàá fi rò pé o ti fi ọ̀dà ṣòfò,
kí o wá fi gbá orí òkúta fẹ́rẹ́,
bí ẹni ń gbọn eruku lára ọmọ tó ń sùn.
Òkúta á yọjú fúnra rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti náwó: afárá irin tó dógùn-ún.
Mo ra ìgò kan, pupa rúsúrúsú.
Mi ò sọ iye rẹ̀ nílé.

Lítà méjì ló ṣẹ́kù.
Fẹ́yíkẹ́mi wo agolo, ó wo ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn
tí mo ti ń ṣèlérí rẹ̀ láti ọdún méjì,
kò sọ nǹkan kan.
Ọjọ́rú, mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè.

Ọjọ́bọ̀, nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tó ń rùn bí aṣọ tútù,
àwọn ọmọ ogun Clive gun òkè mi,
àwọn tó fi ọ̀dà olówó ńlá kùn títí dé bọ́tìnnì.
Dáìsì dà wọ́n nù, mẹ́fà mẹ́fà.
Ó ń ṣà wọ́n sínú páálí, ó ń fi àtàǹpàkò pa òkúta mi.
"Ilẹ̀ yìí dára. Èló lo ná?"
Mo fi ọwọ́ mi hàn án, ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná.

Mo délé lóru, mi ò tan iná.
Mo fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sókè.
Kò tíì gbẹ tán.