Ọkọ̀ Tí Bàbá Àgbà Kò Mọ̀

Ní Mqabba, eruku òkúta ti jí kí oòrùn tó jí.
Ó ti bà lé ewé ọ̀pọ̀tọ́, ó ti bà lé bàtà wa,
ó léfòó lórí tíì inú ife bí ìyẹ̀fun.
Bàbá àgbà Wistin jókòó sórí ògiri kúkúrú ẹ̀bá ọ̀nà,
pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí, ìwé aláwọ̀ búlúù lórí orúnkún,
ìwé kọkànlá láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìntì.

"Ġorġa, má wo ojú ọkọ̀," ó ní.
"Ojú a máa purọ́. Ọ̀dà ni wọ́n kùn ún.
Orúkọ iwájú yẹn, ìṣó méjì péré ló dì í mú.
Ka nọ́ọ̀tù táyà. Wo ibi tí ilẹ̀kùn fi kọ́.
Bó bá ń pààrọ̀ jíà lórí òkè, pa ẹnu mọ́."

Èyí àkọ́kọ́ ń bọ̀, pupa bíi tòmátì àpọ́njù.
Kò gbójú sókè. "Bẹ́dífọ́ọ̀dù. Ti ológun ni tẹ́lẹ̀.
Gbọ́ bó ṣe ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú."
Èkejì, imú fẹ̀, ẹnu gbòòrò,
ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ru òkúta ilé.
Mo pariwo "Tẹ́mùsì!" kí ó tó lanu,
ó sì fún mi ní bisikíìtì kan, owó iṣẹ́ mi.

Ìgbà náà ni ẹ̀kẹta yọ ní kọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì.
Àwọ̀ ewé, ìlà yẹ́lò yí i ká,
ojú méjì tí wọ́n yà síwájú rẹ̀
ń wò wá bí ojú ọkọ̀ apẹja.
Orí Léílàndì. Ẹ́ńjìnnì Pákínsì ló ń hó nínú rẹ̀.
Ìdí rẹ̀... n kò mọ ìdí rẹ̀.
Mo wo bàbá àgbà.
Pẹ́ńsùlù ṣì wà lẹ́yìn etí.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ilé wo la ó wò fún ọmọ
tó gba orí nílé kan, tó gba ohùn nílé kejì,
tó tún lọ yá ẹsẹ̀ rìn lọ́dọ̀ ẹlòmíì?

Bàbá bọ́ sójú títì, ó na ọwọ́ kan sókè bí ọlọ́pàá.
Nenu tẹ bíréèkì, ó yọrí: "Ṣé kò sí, Sur Wistin?"
Kò dá a lóhùn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin
nà gbalaja sínú eruku funfun,
ó wọ́ lọ sábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù síta.
Mo gbọ́ tó ń kan irin, kọ́, kọ́, kọ́.
Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tó jáde, orí rẹ̀ funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
"Èmi ni mo jó irin yìí pọ̀," ó ní.
"Ọwọ́ òsì mi ni. Ẹ wo bí ojú jíjó náà ṣe wọ́.
Kalċidon kò fún wa lówó oṣù, àlòkù irin ló fún wa,
èmi àti Żeppi la tò ó pọ̀ lẹ́yìnkùlé ìyá wa.
A tà á. Owó rẹ̀ la fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi
tó gbé Żeppi lọ sí Mẹ́bọ̀ọ̀nù."

N kò gbọ́ orúkọ Żeppi lẹ́nu rẹ̀ rí.
Fọ́tò kan wà nílé, lẹ́yìn aago, tí ẹnikẹ́ni kì í nù.

Nenu sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, kò mọ ohun tí yóò sọ.
Bàbá bi í: "Ṣé ó ń gun òkè?"
"Jíà kejì nìkan. Ẹ̀kẹta a máa já sílẹ̀."
Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
"Żeppi ló ṣe jíà yẹn. Mo sọ fún un. Mo sọ fún un."

A padà jókòó. Ó kọ déètì, ó kọ nọ́ńbà ọkọ̀.
Ibi tí à ń kọ irú ọkọ̀ sí, pẹ́ńsùlù dúró lé e
títí ẹ̀kẹrin fi kọjá, títí ẹ̀karùn-ún fi kọjá,
àwọn tí ì bá dá mọ̀ bó tilẹ̀ ń sùn.
Èmi ni mo kọ wọ́n.