Sí Iṣan Ẹsẹ̀ Mi, Tó Wà Láyà

Ìwọ iṣan tí wọ́n yọ lẹ́sẹ̀ òsì mi,
láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀,
òní ni mo kọ́kọ́ fojú kàn ọ́,
lójú dígí, dúdú lórí eérú,
o ń jà pìtìpìtì bí ejò inú koríko.

Ọdún kẹtàlá rèé tí o ti kúrò nílé.
Iṣan àbọ̀ ni wọ́n bí ọ,
ẹ̀jẹ̀ tó ti rẹ̀ ni o máa ń gbé gòkè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
ilẹ̀kùn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ, kí ohun tó gòkè má padà.
Wọ́n yí ọ sódì kí ilẹ̀kùn má baà dínà,
wọ́n rán ọ mọ́ ọkàn, wọ́n ní: di àlọ.
Kò sẹ́ni tó bi ọ́ bóyá o gbà.

Èmi Wubbo, tí mo ṣọ́ ilẹ̀kùn omi ní Delfzijl fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
mo mọ ohun tí ìgbì ń fi ojú ògiri rí
bí a kò bá mọ ọ́n fún ìgbì.
Yóò nípọn. Yóò kó ẹrẹ̀ sára.
Ní oṣù kejì, mo ń ti kẹ̀kẹ́ gun odi òkun,
àyà mi há.

Dókítà Hoekzema kò fi oyin sí i:
"Iṣan yìí ti darúgbó, inú rẹ̀ dà bí wàrà tó dì.
Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, èérún á sá lọ dí ọ̀nà ìsàlẹ̀."
Ó kọ́kọ́ dẹ agbọ̀n kan síwájú, kò ju hóró ẹ̀wà lọ,
kí irin híhun náà tó gba ọrùn ọwọ́ mi wọlé,
wẹ́rẹ́, ó ṣí apá.
Ooru kan là mí kọjá dé itan.
Ẹnìkan ń béèrè bóyá kọfí ṣì kù.

Mi ò ní parọ́ fún ọ: irin ò mọ̀ ọ́, ìwọ náà ò mọ irin.
Ara rẹ á kọ́kọ́ bínú,
á máa hù gba ojú àwọ̀n náà
bí koríko láàárín òkúta ẹnu ọ̀nà Trijntje;
bóyá á bò ó díẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè yọ̀ kọjá,
bóyá á bò ó jù.
Oṣù mẹ́fà, ká padà wá wò.

Iṣan kejì, ọmọ onílé, tí wọ́n yà láti ògiri àyà,
nǹkan kan ò ṣe é. Gbogbo wọn ń yìn ín.
Ìwọ ni mò ń kí,
àtọ̀húnrìnwá tí wọ́n gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ lé lọ́wọ́,
tó ṣe é títí tó fi rẹ̀ ẹ́.

Àpá ẹsẹ̀ mi ń yún mi lálẹ́ yìí.
Trijntje ní kí n má họ ọ́.