Kànga Ẹ̀yìnkùlé

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akápò
ni omi ẹ̀rọ dá ní Màsífà fún oṣù mẹ́rin gbáko,
Ògbómọ̀ṣọ́ gbẹ bí ahọ́n aláìsàn.
Mo ránṣẹ́ sí Yékínnì agbẹ́kànga.
Ó dé tòun ti ṣọ́bìrì, okùn, àti garawa kan tó ń jò.
Ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn,
ó ní, "Bàbá, abẹ́ àkúfọ́ tí ẹ kó jọ yìí ni omi wà."
Mo ní kó wá ibòmíràn, ibi tó mọ́, lẹ́bàá ògiri.
Ó rẹ́rìn-ín.
"Omi kì í bèèrè ibi tó mọ́. Ibi tó rẹlẹ̀ ló ń bèèrè."

Lásìkò náà, àlá kan ń yọ mí lẹ́nu.
Ọkùnrin kan, àdá lọ́wọ́, ń lé mi láti Tákíè
títí dé ìdí káṣù tí bàbá mi gbìn.
Ojú mi ló fi ń wò. Bàtà mi ló wọ̀.
N óò jí, òógùn á ti rin ibùsùn,
tó bá di àárọ̀, n óò pariwo mọ́ ìyàwó mi nítorí iyọ̀ ọbẹ̀.

Wọ́n mú mi lọ bá Dókítà Tìnúoyè,
ọmọdébìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ.
Kò kọ oògùn. Ó kàn dákẹ́,
ìdákẹ́ rẹ̀ sì ń fa ọ̀rọ̀ jáde bí okùn ṣe ń fa garawa.
Ó ní, "Bàbá, ta ni ẹ pa tì kí ẹ tó di akápò?"
Mo bínú. Mo ní n kò pa ẹnikẹ́ni tì.
Ó ní, "Tó bá tún dé, ẹ má sá. Ẹ bi í lórúkọ."

Ní ẹsẹ̀ mẹ́tàdínlógún, Yékínnì kan àpáta.
Mo ní kó fọ́ ọ. Ó gòkè wá, ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà.
"Ẹni tó bá àpáta jà, àpáta ni yóò dà.
Ẹ jẹ́ kí n wo ibi tí omi fúnra rẹ̀ ń gbà."
Lọ́jọ́ kẹta ó rí ìlà kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó ń làágùn.
Ibẹ̀ ló tẹ̀lé, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ń sùn.

Ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣáínà pè mí lórí fóònù.
Ó ní ohun kan wà tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń pè ní Ọ̀nà,
pé wọ́n ń ya dúdú àti funfun bí ẹja méjì tó ká mọ́ra,
ojú èyí nínú ara ìyẹn.
Mo ní, "Kí ló ṣàjèjì níbẹ̀?
Inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde,
ta ló kọ́kọ́ fi ẹfun kun ìkòkò?"
Mo sọ ọ́ tán ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Agbẹ́kànga kò mọ dókítà. Dókítà kò mọ agbẹ́kànga.
Àwọn àgbà Ṣáínà kò gbọ́ orúkọ Màsífà rí.
Ta ló wá sọ ọ́ fún gbogbo wọn?

Lóru ọjọ́ kan ó dé, àdá lọ́wọ́.
Mo yíjú padà. Orúnkún mi ń gbọ̀n, nínú àlá náà.
"Kí lorúkọ rẹ?"
Ó ní, "Àjàní."
Orúkọ tí ìyá mi nìkan ń pè mí,
tó bá a wọ sàréè lọ.
Ó na àdá sí mi, èèkù ló kọ sọ́dọ̀ mi.
Koríko tútù ṣì lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀:
ọ̀nà ló ti ń ṣán bọ̀ lẹ́yìn mi, láti ọjọ́ yìí wá.

N kò ní purọ́ pé mo ti pé.
Lánàá mo tún pariwo nítorí iyọ̀,
àmọ́ mo dá ohùn Àjàní mọ̀, mo sì kí i.
Omi kànga ṣì pupa. Àríyíkẹ́ tọ́ ọ wò, ó fajú ro:
"Ó ń ta irin lẹ́nu."
Mo ní kó má rò ó.
A gbé páànù dé e lójú.
A jókòó tì í.