Ìwé Tí Òjò Rin

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ní Ìbàdàn.
Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ,
mo kó àpótí méjì àti àwo ìjẹun mẹ́fà,
mo forí lé Ògòtún, ilé bàbá mi
tó ti di ilé alángbá.

Níbi tí mo ti ń bọ̀, mo tẹ nǹkan, iná tàn;
mo yí nǹkan, omi dà.
N kò béèrè rí pé ta ló wà lẹ́yìn ògiri.

Yèyé Ọdúnlámì ló wà lẹ́yìn ògiri tèmi báyìí.
Ó dúró lẹ́nu ọgbà, ó wo ebè mẹ́wàá tí mo kọ,
gbọọrọ, gbọọrọ,
ó bú sẹ́rìn-ín:
“Ọmọ Fálúyì, ta lo fẹ́ sin síbẹ̀?”

Bí mo ṣe di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìyẹn, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Mo ra ìwé kékeré kan àti bírò méjì.
Ó ń sọ̀rọ̀, mo ń kọ.
Usu ni ó pè é, iṣu ni mo kọ sílẹ̀;
uná ni ó pè é, iná ni mo kọ.
“Kọ ọ́ bí mo ṣe pè é,” ló wí,
“àbí èmi ni n ò mọ orúkọ ohun tí mò ń gbìn?”
Mo fa igi sí i. Mo tún un kọ.

Ó ní: fi eérú ra ojú èbù tí o gé,
kí ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ kó tó wọlẹ̀.
Ó ní: fi koríko gbígbẹ dé ebè bíi fìlà,
oòrùn Èrèlé kò mọ ọmọ ẹni tó ń pa.
Ó ní, ó ní. Mo kọ, mo kọ,
títí òjò àkọ́rọ̀ fi ká wa mọ́ oko,
ìwé mi rin gbingbin,
ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣàn wọ poro.
Yèyé bojú wo poro náà.
“Ó dáa,” ló wí. “Ilẹ̀ ti kà á.”

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ni mo fi ń rántí.

Èèpo kòkó la sun fún ọṣẹ.
A da eérú sínú ajere, omi ń kán
tó, tó, bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kan.
Mo fi ṣóńṣó ahọ́n kàn án: ó bù mí jẹ.
“Ó ti tó.”
Mo rò ó pọ̀ mọ́ àdín títí apá mi fi kọ̀.
Ó ní apá kì í kọ̀, ọkàn ní í kọ̀.
Ọṣẹ àkọ́kọ́ mi kò dì, ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu.
Mo fi wẹ ajá. Ajá náà sá lọ fún ọjọ́ méjì.
Ìkejì dì, ó hó.
Yèyé gbóòórùn rẹ̀, kò wí nǹkan kan,
ó kì í bọ àpò.

Ní Agẹmọ, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Nígbà tí mo padà dé oko, wọ́n ti bá mi ro ó.
Mo béèrè káàkiri; kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún wọn ní Ìbàdàn lórí fóònù
pé èmi kò gbára lé ẹnikẹ́ni mọ́.
Mo wo ojú ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú erùpẹ̀ náà,
mo pa fóònù.

Mo ṣì ń ra iyọ̀. Mo ṣì ń ra ìṣáná.
Iṣu mẹ́tàlélógójì ni mo so mọ́ ọgbà;
mẹ́ta ti rà, nítorí mo fi ọkọ́ ṣá wọn lára,
mo sì ń tan ara mi pé kò jìn.

Lánàá, lóru, mo gbọ́ gbì.
Ọ̀kan ti já.
Mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo gbé e dání bí ọmọ tuntun,
mo tú okùn náà, mo tún un so.
Kò sẹ́ni tó sọ bí mo ṣe máa ṣe é fún mi.
Mo padà wọlé, mo sùn.