Àpótí Kẹsàn-án

Èmi ni mo tẹ lẹ́tà náà.
Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, kó má di pé ẹnu ẹlòmíràn lẹ ti gbọ́ ọ.
Ní ọ́fíìsì wa ní Halifax, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná
tó ń wúkọ́ bí arúgbó, mo tẹ ẹ́ fún èèyàn mọ́kànlélógún,
orúkọ nìkan ni mo ń pààrọ̀:
*Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ẹnikẹ́ni tí kò ní ìwé àṣẹ
kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aboyún tó ń rọbí.*

Ìkẹrìnlá lọ sí Erékùṣù Tansy,
sọ́dọ̀ Eudora Zwicker, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
tó ti gbẹ̀bí ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ó lé méje,
tó mọ orúkọ gbogbo wọn,
àti orúkọ tí wọn ìbá sọ mẹ́rin tí kò ké.

Ẹ má rò pé mo kórìíra òfin.
Winnifred àbúrò mi wọlẹ̀ toyún-toyún
lọ́wọ́ obìnrin kan tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe.
Ẹnu obìnrin náà dùn, òróró rẹ̀ ń ta sánsán,
kò ní ìwé,
kò sì sí ibi tí a ó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.
Lọ́jọ́ tí àwọn aṣòfin dìbò, mo dìde lókè níbi tí àwọn ará ìlú ń jókòó sí,
mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi pọ́n.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í wo kàlẹ́ńdà.
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta,
ìjì yìnyín so ọkọ̀ ojú omi mọ́ èbúté,
Noreen Comeau sì kúnlẹ̀ lóru.
Ọkọ rẹ̀ fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn Eudora.
Lẹ́tà mi wà lórí tábìlì, wọ́n ní ife tíì ló fi tẹ̀ ẹ́.
Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wọ bàtà.
"Òfin ní kí n má fọwọ́ kàn án," ló wí.
"Kò kúkú sọ ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án."

Kí yìnyín tó yọ́ tán, wọ́n ti tún òfin náà ṣe,
ìlà mẹ́ta péré, tí wọ́n há sáàárín abala kejìlá:
ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ náà fún ọgbọ̀n ọdún
lè wá ṣe ìdánwò àfẹnuṣe.
Wọ́n ní kí n tẹ̀lé dókítà lọ, kí n máa kọ ìdáhùn sílẹ̀.
Gbọ̀ngàn ìjọ. Òórùn ẹja gbígbẹ. Àga onírin mẹ́ta.
Dókítà Korver, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ-ọmọ Eudora lọ, bi í pé:
"Bí èjìká ọmọ bá há ńkọ́?"

Eudora kò fèsì.
Ó bọ́ súwẹ́tà, ó ká a, ó so ó ní kókó,
ó kì í bọ abẹ́ ọwọ́ àga,
ó wá ń yí i, díẹ̀, díẹ̀,
bí ẹni ń yọ kọ́kọ́rọ́ tí kò fẹ́ kó dá.
Dókítà gbé bírò sílẹ̀.
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un ṣe. Jẹ́jẹ́."

"Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá?"
Ojú fèrèsé ni ìyá náà ń wò.
"Ìyẹn ni mo fi nílò yín.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ kò dé."
Èmi tó yẹ kí n kọ ọ́, mi ò rí ìwé mọ́.

Ó yege. Mo lu òǹtẹ̀. Ó kù fọ́ọ̀mù kan
tó dé láti erékùṣù, ti ọmọ Comeau.
Àpótí kẹsàn-án: *Ta ló gbẹ̀bí ọmọ náà?*
Pẹ́ńsùlù ni bàbá rẹ̀ fi kọ ọ́, kẹ́rẹ́:
*Gbogbo wa.*

Lójú òfin, ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.
Mo mú írésà.
Mo dá a padà sínú dúrọ́ọ̀,
mo sì wá òǹtẹ̀ mi.