Ta Ló Sọ Ọ́? Ta Ló Sọ Ọ́ Fún?

Ní Kafanchan, lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè,
kíláàsì kan wà tí páànù rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ra bí òjò bá dé.
Ibẹ̀ ni Tíṣà Bityong ti kọ́ wa ní eré ọba òyìnbó kan tó sọ adé nù,
eré tí wọ́n ti ń ṣe látayé ọbabìnrin wọn kan,
nígbà tí Kafanchan ṣì jẹ́ koríko.
Ìwé mẹ́rin, ọmọ mẹ́tàlélógójì.
A forí korí lé e bí àgùntàn létí omi.

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ju mẹ́ta lọ:
Ta ló sọ ọ́?
Ta ló sọ ọ́ fún?
Kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́?
Ẹni tó bá gba méjì, tó kùnà ìkẹta,
Tíṣà á ní, “O gbọ́ ohùn, o ò rí ojú.”

Òjò dídì rọ̀ sórí àwọn ọmọ-ogun.
A ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ó nawọ́ sí fèrèsé, sí igi máńgòrò tí ọyẹ́ ti kùn lẹ́fun,
ó ní, “Ẹ wò ó. Kó kàn tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ ni.”
Níbi tí wọ́n ti dárúkọ òrìṣà Gíríìkì tó ń sán àrá,
mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí etí ìwé: Ṣàngó wọn nìyí.
Abọ́sẹ̀dé pa á rẹ́, ó kọ tirẹ̀:
Irọ́ ni. Eléyìí ń sá fún ìyàwó.

Ìránṣẹ́ ni wọ́n fi mí ṣe. Gbólóhùn kan péré:
“Olúwa mi, ẹnubodè ti ṣí.”
Mo sọ ọ́ fún ewúrẹ́, mo sọ ọ́ fún ìkòkò ẹ̀wà,
mo sọ ọ́ lójú oorun,
bàbá mi, ará Ọ̀ffà tí ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ṣe,
pariwo láti yàrá kejì: “Ó dáa, lọ tì í!”

Ishaku, ọmọ ìyá alátalẹ̀, ló jọba.
Agolo mílíìkì ni adé rẹ̀.
Lọ́jọ́ eré, ọ̀rọ̀ fò lọ lórí rẹ̀ pátápátá,
ó ń wò mí, ó ń wò mí.
Mo ti sọ tèmi. N kò ní òmíràn.

Ọdún kejì, ìlú gbóná.
N kò ní ròyìn rẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n.
A pa fìtílà. Bàbá jókòó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú sípánà.
Ó tó bí aago mẹ́ta òru, ẹnìkan fi èékánná ha fèrèsé,
ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ní gẹ̀ẹ́sì inú ìwé, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan:
“Olúwa mi, ẹnubodè ti ṣí.”

Géètì ẹ̀yìnkùlé ìyá alátalẹ̀ ni.
Ọkọ̀ kan ń dúró. A sùn sáàárín àpò atalẹ̀.
Títí a fi dé Keffi, òórùn yẹn ò kúrò nínú irun wa.

Kubwa ni mo ti ń kọ́ ọmọ báyìí.
Eré mìíràn, ìbéèrè kan náà.
Lánàá, mo ń ṣe máàkì, mo kan bébà Zamani.
Ta ló sọ ọ́? Ó kọ ọ́.
Ta ló sọ ọ́ fún? Ó kọ ọ́.
Ìkẹta, ó fi àyè sílẹ̀ lófìfo.
Bírò pupa dúró lọ́wọ́ mi.

Ọba ló sọ ọ́.
Ìránṣẹ́ ló sọ ọ́ fún.
Kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó sọ ọ́

Tíṣà, mo rí ojú.
Òkùnkùn ni, ṣùgbọ́n mo rí i.
Kò dé adé. Ó ń gbọ̀n.
Ó wọ síwẹ́tà ilé-ìwé lódì.

Mo fún Zamani ní méjì nínú mẹ́ta.
Mo tún pa á rẹ́.